Àbíkú: Ẹ̀bùn àti Ẹ̀bi

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Yorùbá tí ó ti rin ìrìn-àjò ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Yorùbá lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni àbíkú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1991, nígbà tí àwọn adájọ́ ẹ̀bùn Booker kéde ní Lọ́ńdọ̀nù pé The Famished Road, ìwé ìtàn àròsọ tí Ben Okri kọ, ni ó gba ẹ̀bùn ọdún náà, a lè sọ pé àbíkú ni wọ́n dé ládé, nítorí pé àbíkú ni asọ̀tàn inú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láti ìgbà náà ni àwọn òǹkàwé ní ilẹ̀ òkèèrè, tí wọn kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá mìíràn rí, ti ń pe àbíkú bí ẹni pé èdè wọn ni.

Mo fẹ́ràn láti máa ka àwọn ìwé ìtàn àròsọ tí ó gba ẹ̀bùn. Kì í ṣe pé mo gbà pé ìwé tí ó gba ẹ̀bùn ni ó dára jù. Ohun tí mo máa ń fẹ́ mọ̀ ni ohun tí àwọn ènìyàn àsìkò kan rí nínú ìwé kan tí wọ́n fi yọ ọ́ sọ́tọ̀ láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ àbíkú láti inú orúkọ tí àwọn baba ńlá wa ń sọ ọmọ títí dé inú àwọn ìwé tí a fi ẹ̀bùn dá lọ́lá ní ayé tiwa yìí. Ìbéèrè méjì ni mo gbé lọ́wọ́, wọn kò sì jìnnà sí ara wọn: ohùn ta ni à ń gbọ́ nínú ìtàn náà, ta sì ni a di ẹ̀bi ikú ọmọ lé lórí?

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ sọ díẹ̀ nípa ẹ̀bùn fúnra rẹ̀, nítorí pé ẹ̀bùn náà ní ìtàn tirẹ̀. Ìdíje kò ṣàjèjì sí lítíréṣọ̀ Yorùbá. Ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba gbé kalẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí D. O. Fágúnwà kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938. Ẹ̀bùn Booker ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1969. Ilé-iṣẹ́ Booker McConnell, tí ó ti ń ṣòwò ṣúgà ní Guyana láti ayébáyé, ni ó gbé owó rẹ̀ kalẹ̀. Nígbà tí John Berger gba ẹ̀bùn náà ní 1972, ó dìde lójú gbogbo àpéjọ, ó ní òwò tí ilé-iṣẹ́ náà ti ń ṣe ní agbègbè Kàríbíánì fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kò ṣẹ̀yìn òṣì tí ó wà níbẹ̀, ó sì kéde pé òun yóò fún ẹgbẹ́ Black Panther ní ìdajì 5,000 pọ́n-ùn tí wọ́n fún òun. Bí ẹ̀bùn ṣe ní orírun ni ó ní ààlà. Ìwé tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ nìkan ni Booker wà fún. Nílé níbí pàápàá, Nigeria Prize for Literature, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, orí ìwé tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ni a gbé e kà. Nítorí náà, kí àbíkú tó lè dé orí pèpéle, ó di dandan kí ó gbé ẹ̀wù Gẹ̀ẹ́sì wọ̀. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ aṣọ kò ṣàìfi nǹkan sílé. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí àbíkú fi sílé.

Kí ìwé tó dé ni àbíkú ti ní òǹkọ̀wé. Àwọn òbí ni òǹkọ̀wé náà, orúkọ sì ni ìwé wọn. Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó, Rótìmí: ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n. Kòsọ́kọ́, Àkísàtán, Ìgbẹ́kọ̀yí: ìhàlẹ̀ àti yẹ̀yẹ́ ni wọ́n, pé kò sí ọkọ́ tí a óò fi gbẹ́lẹ̀ mọ́, àkísà tí a óò fi dì ọ́ ti tán, igbó tí à ń sin irú yín sí kò gba eléyìí. Kásìmáawòó kò bẹ̀bẹ̀, kò sì halẹ̀. Ẹni tí ó ti rẹ̀ ni ó sọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Samuel Johnson to irú àwọn orúkọ yìí jọ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní 1921. A sì mọ̀ pé wọ́n ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, nítorí pé Kòsọ́kọ́ ni orúkọ ọba tí ó jẹ ní Èkó láti 1845 sí 1851. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí: ọmọ tí wọ́n sọ fún pé kò sí ọkọ́ mọ́ dúró, ó dàgbà, ó sì jọba.

Nínú gbogbo orúkọ wọ̀nyí, òbí ni ó ń sọ̀rọ̀. Ọmọ kò fèsì. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ni ẹjọ́ ń dá lẹ́bi. Ìgbàgbọ́ wa ni pé àbíkú ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀run mulẹ̀, ó ti dá ọjọ́ tí yóò padà, ikú rẹ̀ kì í sì í ṣe àìsàn bí kò ṣe ìpinnu. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní àbíkú sọ olóògùn dèké. Ìdí nìyí náà tí wọ́n fi ń so ṣaworo mọ́ ọmọ náà lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń se ẹ̀wà fún ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì máa ń fi abẹ tàbí iná sàmì sí òkú rẹ̀ lára kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí ó bá tún yà. Ìbànújẹ́ ńlá ni ó wà nídìí àṣà yìí, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni fi í ṣẹlẹ́yà. Síbẹ̀, ó yẹ kí á pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀: ẹni tí ó kú ni à ń bá wí fún ikú tí ó pa á.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni ohùn kọ́kọ́ yí padà nínú lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ wa. Wọlé Sóyinká àti J. P. Clark kọ ewì kọ̀ọ̀kan, àbíkú sì ni àwọn méjèèjì pe ewì wọn. Nínú ti Clark, ará ilé ni ó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ pé kí ó pinnu, yálà kí ó wọlé tàbí kí ó dúró síta. Ìyẹn kò jìnnà sí ohùn tí ó wà nínú orúkọ. Nínú ti Sóyinká, àbíkú fúnra rẹ̀ ni ó la ẹnu. Ìgbéraga ni ó fi sọ̀rọ̀, ó ń fi etùtù àti ìlẹ̀kẹ̀ àwọn òbí rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni ewì yìí, n kò sì mọ iye ìgbà tí mo ti fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fojú ẹ̀bi wò ó, ọ̀daràn náà ni ó jẹ́wọ́. Ohùn yí padà, ẹjọ́ kò yí padà.

Okri ni ó yí ẹjọ́ náà padà, ibẹ̀ sì ni mo rò pé agbára ìwé rẹ̀ wà. Ben Okri kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Mínnà ni wọ́n ti bí i ní 1959. Ọmọ Urhobo ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ìgbò ni ìyá rẹ̀. Àwọn Ìgbò náà ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ogbanje. Chinua Achebe ti kọ nípa ọ̀kan nínú wọn, Ezinma, nínú Things Fall Apart ní 1958. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá ni Okri mú lò. Àkọlé ìwé rẹ̀ pàápàá kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti gbọ́ àdúrà àwọn ìyá wa rí, pé kí á má ṣe rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.

Azaro ni orúkọ ọmọ inú ìtàn náà. Lazaro ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́. Nígbà tí ẹ̀rù bà wọ́n pé ó jọ ti Lásárù inú Bíbélì, wọ́n gé e kúrú. Òǹkàwé ilẹ̀ òkèèrè yóò rántí Bíbélì, yóò sì kọjá lọ. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò rí i pé Lásárù kò ju Àkújí lọ, ẹni tí ó kú tí ó tún jí. Orúkọ àbíkú pọ́ńbélé ni àwọn òbí náà ti sọ ọmọ wọn láìmọ̀. Àdúgbò àwọn tálákà ni wọ́n ń gbé nínú ìlú kan tí a kò dárúkọ, nígbà tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀. Bàbá ń ru ẹrù wúwo, ìyá ń kiri ọjà, eku ń jà nínú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbé, onílé sì ń fi owó ilé kún owó ilé. Ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn olówó pín wàrà fún àdúgbò, wàrà náà sì sọ gbogbo wọn di aláìsàn. Àwọn ẹgbẹ́ Azaro ní ọ̀run kò yé pè é, ṣùgbọ́n ó ti kọ̀ láti lọ. Lára ohun tí ó mú un dúró ni ojú ìyá rẹ̀, tí ìyà ti hàn lára rẹ̀, tí ọmọ náà fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn.

Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dé ibi tí ó ti sọ èyí, mo dá ìwé náà dúró fún ìgbà díẹ̀. Nínú gbogbo orúkọ tí mo kà sílẹ̀ lókè, ìyá ni ó ń bẹ ọmọ. Níhìn-ín, ọmọ ni ó káàánú ìyá. Kì í ṣe ṣaworo, kì í ṣe abẹ, ni ó dè é mọ́ ayé. Ọmọ tí a ti ń dá lẹ́bi láti ìrandíran ni Okri fún ní ọkàn àánú. Lójú tèmi, ìyẹn nìkan tó ohun tí a lè torí rẹ̀ fún ìwé kan ní ẹ̀bùn.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí n kò bá a lọ. Ìwé náà fi orílẹ̀-èdè wé àbíkú: a bí i, ó kú, a tún un bí, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí ọjọ́ tí yóò pinnu láti dúró. Àwọn lámèyítọ́ fẹ́ràn àfiwé yìí lọ́pọ̀lọpọ̀. Ó rọrùn láti fà yọ, ó sì dùn ún sọ nínú àpérò. Ohun tí mo ní sí i ni pé àbíkú, bí a ti mọ̀ ọ́n, ń fúnra rẹ̀ lọ ni. Orílẹ̀-èdè kì í fúnra rẹ̀ kú. Àwọn kan ni wọ́n ń fọwọ́ pa á, wọ́n sì ní orúkọ. Ẹni tí ó bá rántí bí ìjọba ológun ṣe fagi lé ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993 yóò mọ̀ pé kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀run ni ó wá mú un lọ. Bí a bá pe Nàìjíríà ní àbíkú, àfàìmọ̀ kí á má ti dá àwọn apànìyàn sílẹ̀ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ro ẹjọ́.

Irú ìṣọ́ra kan náà ni mo ń lò nígbà tí a bá ka Beloved, ìwé Toni Morrison tí ó jáde ní 1987 tí ó sì gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1988, mọ́ àwọn ìwé àbíkú, gẹ́gẹ́ bí àwọn lámèyítọ́ kan ti máa ń ṣe. Ọ̀rọ̀ Margaret Garner ni ó ru Morrison sókè. Ẹrú ni obìnrin yìí ní Kentucky. Ó sá lọ sí Ohio ní 1856, nígbà tí wọ́n sì ká a mọ́, ó pa ọmọbìnrin rẹ̀ kí wọ́n má baà tún mú un padà sí oko ẹrú. Nínú ìwé náà, ọmọ tí Sethe pa padà wá sílé gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́mọbìnrin, ó sì ń fẹ́ gba gbogbo ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Mo mọ ohun tí ó mú kí wọ́n rántí àbíkú: ọmọ kú, ọmọ padà, ìyá kò sinmi. Àwọn tí wọ́n kó lọ sóko ẹrú láti ilẹ̀ wa náà kò sì kó ara nìkan lọ. Ìgbàgbọ́ bá wọn lọ. Ṣùgbọ́n bí àwọ̀ ti jọra tó, egungun kò jọra. Àbíkú ni ó ń kọ ìyá sílẹ̀. Ọmọ Sethe ni wọ́n pa. Òwò ẹrú ni ó sọ ìfẹ́ ìyá di ọ̀bẹ. Ohun tí mo bọ̀wọ̀ fún jù lọ nínú Beloved ni pé Morrison kò jẹ́ kí ẹ̀bi náà rọ́nà sá lọ sí ọ̀run. Ó dá a dúró sí ilé ayé, lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín.

Ìwé tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà padà wá sílé fún mi ni Stay With Me, tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ kọ. Èkó ni wọ́n ti bí òǹkọ̀wé náà ní 1988, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ìwé náà jáde ní 2017. Ó wà lára àwọn ìwé díẹ̀ tí wọ́n yàn fún ìpele ìkẹyìn ẹ̀bùn Baileys ní ọdún náà, ó sì gba ẹ̀bùn 9mobile ní 2019. Iléṣà ni ọ̀pọ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ ti wáyé, láti 1985 lọ. Yéjídé, onídìrí, àti Akin, ọkọ rẹ̀, ni wọ́n ń pín ìtàn náà sọ. Ìyá àbíkú ni à ń gbọ́ nígbẹ̀yìn, kì í ṣe nínú orúkọ ẹyọ kan, bí kò ṣe nínú odidi ìwé.

Ẹ wo bí ẹ̀bi ṣe ń rìn nínú ìtàn náà. Yéjídé kò tètè lóyún, nítorí náà òun ni gbogbo ẹbí di ẹ̀bi rù. Wọ́n mú ìyàwó kejì wá bá a. Ó gbé ewúrẹ́ gun òkè lọ bá wòlíì, ó sì fún ewúrẹ́ náà ní ọmú bí ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ òun gan-an ni àìlera náà wà, ó sì pa á mọ́ra. Nígbà tí ọmọ dé, tí wọ́n sì ń kú, ẹ̀bi kúrò lórí ìyá, ó di ti ọmọ: àbíkú ni wọ́n. Nígbà méjèèjì, ẹni tí kò lè gbèjà ara rẹ̀ ni wọ́n di ẹ̀bi lé lórí, nígbà tí òtítọ́ ń bẹ níbì kan tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ wò.

Àwọn orúkọ inú ìwé náà ń bá wa sọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kò lè sọ tán. Ìyá Yéjídé kú lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì sọ ọmọ náà ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí pé ìyá ti jí, ó ti dé. Ẹni tí a sọ ní orúkọ ìpadàbọ̀ ni ó wá di ìyá àwọn ọmọ alálọ. Ọlámidé ni àkọ́bí, orúkọ ayọ̀. Ó kú ní ọmọ ọwọ́. Ṣẹ̀san tẹ̀lé e, bí ẹni pé Ọlọ́run fẹ́ san án padà. Òun náà lọ. Ẹ̀kẹta ni Rótìmí. Àkọlé ìwé náà kò sì ju ìtumọ̀ orúkọ yìí lọ. Àwọn adájọ́ rí gbólóhùn ẹ̀bẹ̀ tí ó dára lẹ́yìn ìwé; Yorùbá tí ó bá rí i mọ̀ pé ọmọ méjì ti kú kí á tó ṣí ojú ewé kìíní.

Ilé ìwòsàn ni òtítọ́ ti wá, nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni. Ní 1910 ni James Herrick, dókítà kan ní Chicago, kọ́kọ́ kọ nípa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó tẹ̀ bí dòjé. Ní 1949 ni Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú èròjà ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ni àléébù náà wà. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó ní ẹ̀jẹ̀ AS, nítorí pé irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà ẹ̀fọn. Bí AS méjì bá fẹ́ra wọn, oyún kọ̀ọ̀kan ní ànfààní ìdá kan nínú mẹ́rin láti di SS. Ìdí nìyí tí ilé kan fi ń sin ọmọ léraléra nígbà tí ilé kejì kò sin ẹyọ kan. Kì í ṣe gbogbo àbíkú àtijọ́ ni àrùn yìí pa. Ibà, èéyi àti ipá pa púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tí ó ń ké ní òru nítorí egungun tí ń ro ó, kò bá ẹgbẹ́ kankan mulẹ̀. Ó fẹ́ dúró.

Adébáyọ̀ kò fi dókítà lé àṣà jáde nínú ìwé rẹ̀. Bí ìyá bá tilẹ̀ ti mọ orúkọ àrùn, ọ̀rọ̀ àbíkú ṣì ń gbé inú ilé pẹ̀lú rẹ̀. Yéjídé ń bẹ̀rù láti fẹ́ràn ọmọ kẹta, nítorí pé ìfẹ́ ti jẹ ẹ́ níyà lẹ́ẹ̀mejì. N kò tíì rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti sọ èyí lórúkọ ìyá àbíkú tẹ́lẹ̀. Orúkọ ń bẹ ọmọ pé kí ó dúró. Kò sọ ohun tí ìyá ń ṣe fún ọkàn ara rẹ̀ bí ó ti ń dúró de èsì.

Bí mo bá wá to àwọn ìwé yìí síwájú, mo rí i pé ẹ̀bùn gbé ohùn wọn jìnnà, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn kọ́ ni ó fún wọn ní ohùn. Okri fún ọmọ ní àánú. Morrison fi ẹ̀bi sí ibi tí ó yẹ ẹ́. Adébáyọ̀ jẹ́ kí ìyá sọ tẹnu rẹ̀. Ẹnì kan ṣì kù tí a kò tíì gbọ́. Lónìí, àwọn SS tí wọ́n rí ìtọ́jú tó péye ń dàgbà, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń bímọ, wọ́n sì ń darúgbó. Àwọn kan nínú wọn ń jẹ́ Málọmọ́, àwọn kan ń jẹ́ Bánjókòó. Wọ́n gbọ́ Yorùbá, wọ́n sì mọ ohun tí a ń pè wọ́n lẹ́yìn. Ìwé ìtàn àròsọ tí mo ń retí ni èyí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò fi Yorùbá sọ fún wa bí ó ti rí láti jẹ́ ẹni tí ó dúró. Irú ìwé náà lè má rí ẹ̀bùn kankan gbà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ jẹ́ kí á kọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀, kí á sì kà á, nítorí pé àwa ni a kọ́kọ́ dá a lẹ́bi.